Ẹ Má Sọ Fún Un Lójú Ọ̀nà

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí gbogbo ìlú Ìdí-Apá kórìíra dé eegun, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ gba pápá ilé ẹ̀kọ́ girama lọ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ ó bá ọkùnrin kúkúrú kan níbẹ̀, fèrè lẹ́nu, ọwọ́ ní ìbàdí, tó ń bú ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni pé òun ló bí wọn. Adédoyin lorúkọ rẹ̀. Olùkọ́ eré ìdárayá ni, òun náà ni kóòṣì bọ́ọ̀lù, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Kò sí ẹni tí kò tíì bá jà. Ó lé ọmọ pásítọ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí pé ó pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mejì. Pásítọ̀ wá bẹ̀ ẹ́, ó ní kí pásítọ̀ lọ gbàdúrà kí ọmọ rẹ̀ lè máa tètè jí. Àwọn ìyá tó máa ń sá láfún sétí pápá, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbọ́n láfún wọn dà sínú koríko, ó ní pápá bọ́ọ̀lù kì í ṣe orí àpáta. Wọ́n ṣépè fún un títí ẹnu fi gbẹ wọ́n. Òun náà kò dákẹ́, ó ń dá a padà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé èèyàn burúkú wá ni? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni kò dára, kò sì ní sùúrù. Tí ọmọ kan bá fi ẹsẹ̀ rọ́, òun ló ń gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun ní Arámọkọ, kò sì ní ròyìn rẹ̀ fún ẹnì kankan.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kọ́ọ̀bù. Kọ́ọ̀bù kan wà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama apá ibẹ̀ yẹn máa ń gbá láàárín ara wọn lọ́dọọdún, láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n, títí kan àwọn ìlú kéékèèké bí Ìdí-Apá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Adédoyin ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé àṣekágbá, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n nà wọ́n. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìlú sọ ọ́ ní Kóòṣì Sẹ́kọ́ńdì. Ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ bàbá tó bí i mọ orúkọ yẹn. Ọlọ́kadà á gbé e dé ẹnu ọ̀nà tán, á ní ó dàárọ̀ o, Sẹ́kọ́ńdì, á sì fún iná mọ́ ọ̀kadà kí kóòṣì má bàa sọ ọ́ ní òkò. Ọjọ́ tí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹni tó ń ka ìkéde gan-an rẹ́rìn-ín, Lydia ìyàwó rẹ̀ ló dì í lápá mú.

Ọdún yìí ni Ọlọ́run wá fún un ní Ìdrís.

Aṣọ́lé ni Ìdrís. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ọwọ́ rẹ̀ gùn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n gbá kí wọ́n tó dé àṣekágbá, góòlù méjì péré ló wọlé lára rẹ̀. Tóbi ni ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ dáadáa ni Tóbi, ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ kan tí Adédoyin fi í sójú ilé níbi ìdánrawò, góòlù méje ló wọlé kó tó tún bàtà rẹ̀ dè. Láti ọjọ́ náà, kóòṣì kì í fẹ́ rántí pé Tóbi wà láyé.

Bàbá Ìdrís, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣòwò obì, wà lára àwọn díẹ̀ ní ìlú tó ṣì ń pe Adédoyin ní Kóòṣì láìfi nǹkan kan kún un. Ní òwúrọ̀ Sátidé tí wọ́n ń lọ gbá àṣekágbá pẹ̀lú àwọn ọmọ Ẹ̀fọ̀n ní Ìjerò, ó wá sídìí bọ́ọ̀sì, ó ṣàdúrà fún gbogbo wọn, ó sì ní kí ọmọ òun má fi ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù. Aago mẹ́sàn-án ni bọ́ọ̀sì gbéra. Ara bàbá náà le koko nígbà tó ń juwọ́ sí wọn.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀, àwọn ọmọ ń wọ jẹ́sì lábẹ́ igi kan létí pápá Ìjerò, ni fóònù Adédoyin dún. Mùstàfá ni, àbúrò bàbá Ìdrís.  Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ṣubú lẹ́yìnkùlé bí bọ́ọ̀sì ṣe lọ tán, wọn kò tíì gbé e dé ọsibítù tó fi dákẹ́.

"Kóòṣì, ẹ bá wa mú Ìdrís bọ̀ wálé," Mùstàfá wí. "Ẹ má sọ fún un lójú ọ̀nà o. Ẹ kàn ní ara bàbá rẹ̀ kò yá. Àwa la máa sọ fún un nílé."

Adédoyin ní òun ti gbọ́. Ó kí i kú àmúmọ́ra, ó sì pa fóònù.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣe wa, ẹ mọ̀ pé kò sí àléébù nínú ọ̀rọ̀ Mùstàfá. A kì í dédé la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ọmọ lórí. Ẹbí ló ń túfọ̀, àgbà ló sì ń sọ ọ́, ẹni tó máa di ọmọ náà mú á ti wà nítòsí. Kò sí ẹni tó ní láti kọ́ Adédoyin ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni Mùstàfá sọ: ẹ mú un bọ̀, ẹ má sọ fún un. Èyí tó wu Adédoyin nínú méjèèjì ló dì mú.

Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Tó bá dá ọmọ náà padà sílé báyìí, Tóbi ló máa wọlé. Tí Tóbi bá sì wọlé, ó di Sẹ́kọ́ńdì ẹlẹ́ẹ̀kẹrin nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ kí ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ tán, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa délé, òkú á ṣì wà níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Òkú kò lẹ́sẹ̀ tó máa fi sá. Bàbá tirẹ̀ gan-an, oṣù mẹ́rin ló fi wà ní mọ́ṣúárì tí àwọn ọmọ ń kun ilé, tí wọ́n ń wá màlúù, tí wọ́n ń dúró de ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Kánádà. Ọmọ Áńgílíkà ni Adédoyin, gbogbo òkú tó ti bá wọn ṣe láyé rẹ̀, òkú tí a gbé pamọ́ ni. Pé Mùsùlùmí ni Ìdrís, ó mọ̀, òun ló ń yọ̀ǹda rẹ̀ lọ kírun ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń tètè sin òkú tiwọn, kò wá sí i lọ́kàn. Ẹ lè gbà á gbọ́, ẹ sì lè má gbà á gbọ́, bẹ́ẹ̀ ló rí láago mọ́kànlá.

Aago méjìlá ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ àwọn ènìyàn ńlá wa. Ẹni tó máa fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ kò dé, wọ́n ní ó wà lójú ọ̀nà láti Adó. Títí ó fi dé, tó kí gbogbo ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, aago méjì ti lù. Àwọn ọmọ Ẹ̀fọ̀n wá bá wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí Ìdrís nílẹ̀, wọ́n gbá a sí i lókè, ọmọ náà ń mú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìsinmi, kò sí góòlù kankan lọ́wọ́ ẹnì kankan, gbogbo ará Ìjerò tó wá wòran sì ti ń bèèrè orúkọ aṣọ́lé náà.

Àsìkò ìsinmi yẹn ni Àǹtí Màríàm wá bá Adédoyin. Olùkọ́ ẹ̀sìn Islam ni ní ilé ẹ̀kọ́ náà, ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ló ní kó tẹ̀lé àwọn ọmọ lọ. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Ó fa kóòṣì sẹ́yìn bọ́ọ̀sì.

"Wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀," ó wí. "Lẹ́yìn Alásàrì ni wọ́n máa kírun sí bàbá lára, kò ní kọjá aago mẹ́rin. Ìdrís ni àkọ́bí ọkùnrin. Òun ló yẹ kó wọ inú sàréè lọ gba bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé e sórí ọ̀kadà báyìí, sà. A óò bá wọn."

 Adédoyin wo aago ọwọ́ rẹ̀: ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́ta lù. Láti Ìjerò sí Ìdí-Apá, bọ́ọ̀sì á lo wákàtí kan àti ààbọ̀ nínú kòtò yẹn, ọ̀kadà á lo wákàtí kan. Ọmọ náà á débẹ̀. Kò sí ìṣirò kankan tó ṣòro nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bojú wo abẹ́ igi. Tóbi jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ bọ̀ọ̀lì.

"Àǹtí, ẹbí ní ká má sọ fún un," ni Adédoyin wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ túfọ̀ bàbá fún ọmọ ọlọ́mọ lórí pápá?"

Màríàm ní òun kò ní sọ, òun á kàn ní ara bàbá rẹ̀ kò yá. Adédoyin ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kì í ṣe ọmọ ọwọ́, á fura. Tó bá wá dákú lórí ọ̀kadà ńkọ́? Ta ló máa dáhùn lọ́dọ̀ ẹbí, òun Màríàm àbí ta ni? Obìnrin tí kò bá wọn tan, ó fẹ́ lọ fi ẹnu ara rẹ̀ gbé òkú olókùú. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ohùn rẹ̀ ń le sí i, bó ṣe máa ń ṣe sí àwọn ọmọ tó bá pẹ́ dé. Ẹ gbọ́, kò sí irọ́ kankan nínú gbogbo ohun tó sọ. Òótọ́ ni pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó dára tí àwọn bàbá wa gbé kalẹ̀ kí ọkàn ọmọ má bàa já, òun ló gbé dání bíi pàṣán tó fi ń lé obìnrin náà sẹ́yìn, ó sì mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn.

"Ogójì ìṣẹ́jú péré," ó wí níkẹyìn. "Ẹ jẹ́ kó parí."

  Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi tọ́ Màríàm nílé, pé ọmọdé kì í gba ọ̀rọ̀ ikú lẹ́nu àgbà, ló dì í lẹ́nu. Ó ní òun ti sọ tòun, ó sì padà lọ sínú bọ́ọ̀sì. Kò wo bọ́ọ̀lù mọ́.

Fóònù Adédoyin gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta nínú àpò rẹ̀ ní ìdajì kejì. Ó mọ ẹni tó ń pè. Kò mú un jáde. Ó ń sáré lọ sáré bọ̀ létí ìlà, ó ń pariwo lé àwọn ọmọ rẹ̀ lórí, ó pè wọ́n ní òpònú, ó pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ọmọ kan ṣi bọ́ọ̀lù gbá, ó ju ike omi lù ú. Ogójì ìṣẹ́jú parí, góòlù kò wọlé. Pẹnáritì ló kù. Ìyẹn náà kò pẹ́ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ fún ara rẹ̀. Ìdrís mú ti àkọ́kọ́. Ó tún mú ti ìkẹrin, ó fi ìka kan ṣoṣo tì í kọjá igi. Nígbà tí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn ti Ìdí-Apá wọ àwọ̀n, Adédoyin wó lulẹ̀ sórí orúnkún rẹ̀, ó ń sunkún kíkan.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹlòmíràn á ní ó ti bọ́, kò sí ohun tó tún lè bàjẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ o. Ẹni ńlá láti Adó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n ní kí aṣọ́lé gbé kọ́ọ̀bù sókè, kó rẹ́rìn-ín. Ìdrís gbé e sókè, ó rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ ìkẹyìn fi hàn, Adédoyin sì dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ẹnì kan fi fọ́tò náà sórí Wọ́sáàpù lójú ẹsẹ̀. Ó dé Ìdí-Apá láago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, nígbà tí àwọn ọkùnrin ń kó iyẹ̀pẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lórí.

Orin ni wọ́n kọ títí wọ́n fi dé ojúde ìlú. Kò sí ẹni tó gbè é. Àwọn obìnrin tó bo orí dúró létí títì, wọ́n ń wo bọ́ọ̀sì. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé iwájú mọ́ṣáláṣí, Mùstàfá jáde sí wọn lójú ọ̀nà, iyẹ̀pẹ̀ pupa wà lára ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ó wọ inú bọ́ọ̀sì, ó di Ìdrís mú lápá méjèèjì. Ó ní bàbá ti lọ. Ó ní wọ́n ti sin ín, láti aago mọ́kànlá lòun ti pe Kóòṣì.

Kọ́ọ̀bù já bọ́ lórí ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga. Ìdrís bèèrè ibi tí wọ́n sin ín sí. Ó sáré lọ síbẹ̀ tòun ti bàtà bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú un padà wá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pupa, ó dúró níwájú Adédoyin lójú gbogbo ìlú. Kò pariwo.

"Ẹ fi bàbá mi ra kọ́ọ̀bù," ó wí.

Ẹ ò rí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e! Àwọn tó ń pè é ní Sẹ́kọ́ńdì tẹ́lẹ̀, ó kéré tán, wọ́n ń pè é. Wàyí o, kò sí ẹni tó pè é. Ó kí wọn, wọ́n yíjú. Àwọn ọlọ́kadà á rí i létí ọ̀nà, wọ́n á fún iná mọ́ ọ̀kadà. Ó fẹ́ ra búrẹ́dì, obìnrin tó ń tà á ní ó ti tán, búrẹ́dì mẹ́sàn-án sì wà lórí tábìlì láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn ìyá oníláfún kó láfún wọn wá sí àárín pápá gan-an, wọ́n sá a láti ojú ilé dé ojú ilé kejì, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń dúró dè é kó wá fẹsẹ̀ kàn án. Kò lọ. Ọ̀gá àgbà fi aṣọ bo kọ́ọ̀bù nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní ojú òun kò gbà á. Ẹnì kan fi èédú kọ ọ́ sára ògiri ilé rẹ̀ pé OLÓJÚKÒKÒRÒ. Ìyàwó rẹ̀ fọ̀ ọ́, ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún ti kọ ọ́.

Ṣé ẹ rò pé ó tẹríba? Adédoyin kẹ̀! Gbogbo ibi tó bá ti rí ẹni tó máa gbọ́, á ro ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn ló ní kí n má sọ. Àbúrò òkú gan-an ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ṣé èmi ni mo pa á? Ṣé èmi ni mo sin ín? Mo ṣe ohun tí ẹbí ní kí n ṣe, wọ́n wá ń bú mi. Bó ṣe ń ro ó ló ń dùn ún, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n, nítorí òótọ́ ni apá ibi tó ń rò. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kíyè sí i: tó bá bẹ̀rẹ̀ láti aago mọ́kànlá, ìfọnfèrè ìkẹyìn ló máa ń bọ́ sí. Kò sọ ọ̀rọ̀ àsìkò ìsinmi fún ẹnì kankan. Kò sọ fún Lydia tí wọ́n jọ ń sùn. Ó ń retí kí Màríàm sọ ọ́, ó tiẹ̀ ti múra bó ṣe máa pè é ní onírọ́. Màríàm kò sọ ọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ keje, Lydia gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, ó jókòó.

"Bàbá Peace, ẹ̀bi yín ni o, ẹ̀bi wọn ni o, èèyàn ló kú," ó wí. "Ọ̀la ni fìdáù wọn. Ẹ lọ kí wọn."

Ó bínú dìde lórí oúnjẹ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wẹ̀, ó wọ bùbá funfun, ó sì lọ. Kò lọ bẹ ẹnì kankan o. Ó lọ kò Mùstàfá lójú, kí Mùstàfá lè sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé òun ló ní kó má sọ. Ohun tó torí rẹ̀ lọ nìyẹn.

Wọ́n ti ta tápólì sí iwájú ilé. Ààfáà ti ṣe wáàsí tán, wọ́n ti ń gbé ìrẹsì jáde. Nígbà tí Adédoyin yọ, ariwo rọlẹ̀. Ó ní ẹ kú ulé o. Ènìyàn méjì péré ló jẹ́ ẹ. Ó rí àga kan, ó jókòó, ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ gbé àga tirẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ya ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, ṣùgbọ́n Mùstàfá ti dìde.

"Ẹ dákẹ́ ná," Mùstàfá wí. "Ọkùnrin yìí kò jẹ̀bi. Èmi ni mo ní kó má sọ fún ọmọ náà. Mo ní kó mú un bọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò sọ aago fún un. Kì í ṣe Mùsùlùmí. Tiwọn, wọ́n lè gbé òkú kalẹ̀ títí ọdún á fi yí po. Ta ló sọ fún un pé ọjọ́ náà gan-an la máa sin tiwa? Èmi kò sọ. Ẹ̀bi mi ni, ẹ fi sílẹ̀ fún un."

Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí. Ẹni tó gbé àga kúrò gbé e padà. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn kí i, ó ní Kóòṣì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n gbé omi tútù fún un. Ìyá Ìdrís, tó wà nínú opó, ń mi orí láti ẹnu ọ̀nà, ó ní òun ti dárí jì í, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe. Gbogbo ohun tí Adédoyin wá gbà, wọ́n ti kó o lé e lọ́wọ́, kò tíì la ẹnu.

Lẹ́yìn náà ni Ìdrís jáde láti inú ilé. Ó ti rù. Ó rìn wá síwájú kóòṣì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́," ó wí. "Mo ní ẹ fi bàbá mi ra kọ́ọ̀bù. Mi ò mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Ẹ má bínú sí mi."

Adédoyin ti na ọwọ́ sí èjìká ọmọ náà. Dìde, ọmọ mi, ló wà lẹ́nu rẹ̀, kò ju kó sọ ọ́ lọ. Ó gbójú sókè, ó rí Màríàm láàárín àwọn obìnrin, àwo ìrẹsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo òun. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó wá yé Adédoyin pé obìnrin yìí kò ní sọ ọ́ láéláé, pé tí òun náà bá gbé e mì, ó ti tán nìyẹn, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Gbogbo ìwọ̀sí ọ̀sẹ̀ kan, ó fi ìbínú gbé e, kò wúwo. Ìdọ̀bálẹ̀ ọmọ yìí ni kò lè gbé. Ó kórìíra ara rẹ̀ ju bí gbogbo Ìdí-Apá ṣe kórìíra rẹ̀ lọ.

"Mo mọ̀," ó wí.

Mùstàfá yíjú sí i.

"Láago mọ́kànlá, mi ò mọ̀. Ní háàfù-táìmù, wọ́n wá sọ fún mi pé aago mẹ́rin ni. Ọ̀kadà wà nílẹ̀. Ò bá ti bá wọn. Èmi ni mo ní kó o má lọ."

Ìdrís kò gbéra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí iyẹ̀pẹ̀.

"Ní háàfù-táìmù, sà?"

"Ní háàfù-táìmù."

 Mùstàfá ti jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orí. Adédoyin kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ tó nà ṣe, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdrís dìde. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni ní kó dìde. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò láyà aṣọ rẹ̀, ó lọ gba àwo ìrẹsì lọ́wọ́ Àǹtí Màríàm, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in láti orí àga kan dé èkejì. Ó fún ẹni tó wà lápá ọ̀tún Kóòṣì, ó fo Kóòṣì, ó fún ẹni tó wà lápá òsì.